Bí A Ṣe Ń Kun Ike Ara Kọ̀ǹpútà Lọ́dà Tí Kò Fi Ní Bó

Bí ọ̀dà bá ṣí lára ojú CPU (àpótí kọ̀ǹpútà) lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ má tíì dá ẹni tó ta ọ̀dà lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mi agolo: òróró ọwọ́ wà lára ike, ojú rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin, tàbí wọ́n fín ọwọ́ ọ̀dà kejì lé ọwọ́ àkọ́kọ́ tí kò tíì gbẹ. Fífín ọ̀dà gan-an kò gba àkókò. Fífọ̀, fífi sáńpépà ha àti dídúró ni iṣẹ́.

Èwo ló yẹ ká kùn?

Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń bá ènìyàn tẹ̀wé. Inú rẹ̀ lè dá ṣáṣá, kí ojú rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú. Ìtànṣán oòrùn àti kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ike kó má baà tètè gbiná ló máa ń fa pípọ́n yẹn. Kò ba ọ̀dà jẹ́ rárá. Ọ̀dà á bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó dára láti fi kọ́ṣẹ́ ni ojú iwájú CPU, ìbòrí sípíkà, férémù kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn máòsì. Ẹ fi àwọn bọ́tìnnì lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Lẹ́tà ara wọn á pòórá, ìka á sì ti ha ọ̀dà náà kúrò kó tó pẹ́, ohunkóhun tí ẹ ì báà fi bò ó. Ibi tí ọrùn ọwọ́ ń sinmi lé lórí láptọ́ọ̀pù náà kò dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òógùn àti ìfọwọ́rá kò ní jẹ́ kó pẹ́. Àwọn ìyẹ́ fáànù tó ń yí kò ṣeé kùn: ọ̀dà kò ní wúwo dọ́gba lára gbogbo wọn, fáànù á wá máa gbọ̀n, á máa pariwo. Férémù fáànù ni kí ẹ kùn.

Páwà inú CPU àti mónítọ̀ àtijọ́ tó yọ ìdí gbọ̀ngbọ̀n sẹ́yìn, ẹ má ṣí wọn nítorí ọ̀dà. Iná tó lè pa ènìyàn máa ń kù sínú wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yẹra fún ọ̀dà tó ní ìyẹ̀fun irin nínú tó bá jẹ́ ara ráútà tàbí etí ojú láptọ́ọ̀pù ni ẹ fẹ́ kùn. Eriali Wi-Fi wà lẹ́yìn ike yẹn, irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sì lè dín agbára rẹ̀ kù. Ọ̀dà lásán kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ mọ irú ike tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ yí ike náà padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ máa ń tẹ orúkọ ike síbẹ̀ báyìí: >ABS<, tàbí >PC+ABS<. Méjèèjì gba ọ̀dà dáadáa. Tó bá jẹ́ >PP< tàbí >PE< ni ẹ rí, ọ̀dà lásán kò ní dì í mú. Ó fẹ́ práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ọ̀dà gangan ń dì mú) tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tí wọ́n kọ polypropylene sára agolo rẹ̀.

Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ fi bíléèdì gé bíńtín níbi tí ojú kò tó, kí ẹ jù ú sínú omi tí ẹ ti kán ọṣẹ díẹ̀ sí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ rì kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ kúrò. PP á léfòó padà, nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, nǹkan bí 0.9 níbi tí omi bá jẹ́ 1. ABS jẹ́ nǹkan bí 1.05, á rì sísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa ABS, ẹ rántí èyí: acetone máa ń yọ́ ọ. Tínà tó le náà máa ń jẹ ẹ́. Nítorí náà ẹ má fi tínà, acetone tàbí bẹntiróò nu ike kí ẹ tó kùn ún, bí ó ti wù kí ìdọ̀tí rẹ̀ le tó. Ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn náà sípírítì tàbí isopropyl, wọ́n ti tó.

Ike tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àlàyé tirẹ̀, nítorí pé ó wọ́pọ̀ níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá bíi tiwa níbí. Àwọn máòsì àti ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n fi ohun rírọ̀ bò láti ilé iṣẹ́ kó lè tu ọwọ́ lára. Polyurethane ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú u díẹ̀díẹ̀, títí á fi di ohun tó ń lẹ̀, tí eruku àti irun ń so mọ́. Àwọn kan á ní kí wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó. Ọ̀dà kankan kò lè dúró lórí ohun tó ń yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Á sán wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ rẹ àkísà sínú sípírítì, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ fi agbára nù ún. Ohun náà á máa ká jọ ní wóro dúdú, ẹ sì gbọ́dọ̀ kó o kúrò kí sípírítì tó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún padà lẹ̀ mọ́bẹ̀. Káàdì ATM tó ti kú dára láti fi ha á. Ọ̀bẹ á gé ike. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ojú kan. Ó ti tán nígbà tí àkísà funfun bá kọjá lórí rẹ̀ tí kò dọ̀tí mọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ṣá, ẹ kọ́kọ́ dán sípírítì wò sí inú ike, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí ó bá sán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó funfun, ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ lò.

Ohun tí ẹ máa rà

Sáńpépà nọ́ḿbà 400 àti 600, pépà méjì méjì. Práímà ike, ọ̀dà àti kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fi bo ọ̀dà gbẹ̀yìn), agolo 400 ml kọ̀ọ̀kan. Tépù bébà, ìgò sípírítì kan, ìbọ̀wọ́, àti ìbomú tó ní èédú nínú, nítorí ìbomú aṣọ kò dá òórùn ọ̀dà dúró. Ojú CPU tó jẹ́ 18 cm sí 40 cm kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà kan níbùú lóròó, agolo kan á kùn ún tán, á kù fún máòsì àti férémù kíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ fi àwọn tó ń ta ọ̀dà ilé sílẹ̀. Ọ̀dà olóróró tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ilẹ̀kùn irin kì í tètè le lára ike. Ìka á máa fi àmì sí i fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Tó bá jẹ́ pupa tàbí yẹ́lò ni ẹ fẹ́, ẹ ra práímà funfun, nítorí àwọ̀ méjèèjì kì í bo nǹkan dáadáa. Lórí práímà eérú, ẹ ó fín ọ̀dà títí agolo á fi tán, á sì tún ṣókùnkùn.

Títú u

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù lè jáde. Ojú iwájú CPU kì í sábà ní súkúrù. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ máa rí ahọ́n ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin létí ojú náà láti inú. Ẹ fi ìka tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi agbára fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ahọ́n kan tó bá kán, ojú náà á máa jì títí ayé. Ẹ yọ wáyà bọ́tìnnì, iná kékeré àti ojú USB kúrò lára ike, kí ó ṣẹ́ ku ike nìkan.

Fún láptọ́ọ̀pù, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ ya àwòrán ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí páálí, kí ẹ gún súkúrù kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Gígùn wọn kì í dọ́gba. Súkúrù gígùn tó bá wọ ihò kúkurú á gún ike òkè yọ, ó sì lè wọ bọ́ọ̀dù.

Fífọ̀ àti fífi sáńpépà ha

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó. Ẹ fọ gbogbo kọ̀rọ̀, kí ẹ ṣan án, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá nínú òjìji. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, pàápàá ẹni tó ti fi òrí tàbí ìpara para láàárọ̀. Òróró ìka kan péré tó láti mú kí ọ̀dà sá kúrò lójú kan, kó ṣe ihò róbótó róbótó. Èyí tó burú jù ni sílíkóònù inú ohun tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ dán. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ti ń fi irú rẹ̀ nu CPU, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí sáńpépà tó kàn án, torí sáńpépà á kàn gbé e wọnú ike ni.

Ẹ rẹ sáńpépà 400 sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ máa ha ní ìyípo, láìtẹ̀ ẹ́ jù. Ohun tí ẹ ń wá ni kí gbogbo dídán kúrò, kì í ṣe kí ike fẹ́lẹ́. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ yí i: ibikíbi tó bá ṣì ń kọ yẹ̀rì, ẹ padà síbẹ̀. Etí àti kọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀dà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ fi 600 parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi bátànì ṣe ojú ike náà láti ilé iṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ kí bátànì yẹn kù, búrọ́ọ̀ṣì àti ìyẹ̀fun ìfọ̀kòkò ni kí ẹ fi gbo ó.

Ibi tó bá ti là, ẹ dí i láti ẹ̀yìn. Ẹ gé ike ABS kan tí kò wúlò mọ́ wẹ́wẹ́ sínú ìgò gíláàsì, ẹ da acetone sí i kó kàn bò ó mọ́lẹ̀, ẹ dé e di ọjọ́ kejì. Á ki bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ẹ fi igi tín-ínrín fi í sí ojú ibi tó là, kó ga ju ara ike lọ díẹ̀, torí pé á rọlẹ̀ bí acetone bá ti ń gbẹ lọ. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi sáńpépà mú un dọ́gba. Ike kan náà ló ti dà, kì í sì í tú bíi gúlúù.

Tépù, àti àyè tó wà láàárín ẹ̀yà

Ẹ lẹ tépù bo ojú USB, ibi iná kékeré, ìdí ihò súkúrù àti àwọn ahọ́n ike. Nọ́ḿbà tí wọ́n lẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù náà, ẹ bò ó. Ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Wàyí o, práímà, ọ̀dà àti kílíà pa pọ̀ lè nípọn tó 0.1 mm. Ó jọ ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́tìnnì ìtanná nínú ihò rẹ̀: ọ̀dà wà lára bọ́tìnnì lápá méjèèjì, ó wà lára ihò lápá méjèèjì, àpapọ̀ 0.4 mm ti lọ nínú àyè tí kò fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì á há sísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tàn, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún á kú, nítorí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò. Wọ́n á sì ní páwà ló bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Ẹ lẹ tépù sí inú ihò yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà dúró sí orí bọ́tìnnì nìkan.

Ibi àti àkókò

Ọ̀tá ọ̀dà ní ìgbà òjò ni ọ̀rinrin. Bí ọ̀dà bá ti ń gbẹ, ó máa ń mú ojú ara rẹ̀ tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, omi á sẹ̀ sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á wá funfun bí ẹni pé wọ́n ta eérú sí i. Bí ẹ bá ní ohun tó ń wọn ọ̀rinrin, 70% sísàlẹ̀ ló dára. Tó bá ti lé ní 85%, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ìrì àárọ̀ kúrò, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá sókè, ní ọjọ́ tí òjò kò ṣú.

Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀dà á yára gbẹ, àmọ́ eruku ń bẹ káàkiri, ike tí wọ́n sì fi àkísà gbígbẹ nù máa ń fa eruku mọ́ra. Àkísà tó ní sípírítì díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún kí ẹ tó fín. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yíká ibi iṣẹ́. Páálí fíríìjì tí wọ́n gé ojú kan kúrò lára rẹ̀ dára fún àgọ́. Ẹ má fín in lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, àgàgà lẹ́yìn òjò: èsúnsún kan péré tó bá bọ́ sórí kílíà tútù, iṣẹ́ ọ̀la ti dé nìyẹn. Ẹ má sì ṣe é nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, tàbí nítòsí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀. Gáàsì inú agolo máa ń gbiná.

Fífín ọ̀dà

Ẹ fi tépù lẹ inú ike mọ́ ìgò omi tó ṣófo kí ẹ lè dì í mú láìfọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ mi agolo fún ìṣẹ́jú méjì gbáko lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fín in sára páálí, torí ìtúsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń ta kóókóó.

Jìnnà tó 20 sí 25 cm. Ẹ tẹ orí agolo kí ọwọ́ yín tó dé etí ike, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá etí kejì. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ àkọ́kọ́ práímà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ṣì ń rí àwọ̀ ike lábẹ́ rẹ̀. Ọkàn ènìyàn kì í fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n òun ni yóò di èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn mú, òun ni kò sì ní jẹ́ kí tínà inú ọ̀dà jẹ ABS. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ọwọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó fún práímà. Ó di ọjọ́ kejì, ẹ fi 600 tútù ra á lójú fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ike bá yọ létí, ẹ tún práímà fín síbẹ̀.

Ọ̀dà gba ọwọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ máa fín etí àti kọ̀rọ̀ kí ẹ tó fín àárín. Kílíà gba méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo nípa àkókò àárín ọwọ́ kan sí èkejì: púpọ̀ nínú wọn ní kí ẹ fín òmíràn láàárín wákàtí kan, tàbí kí ẹ dúró tó wákàtí 24 tàbí 48. Ẹni tó bá fín in láàárín méjèèjì, ojú ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti gbẹ nígbà yẹn, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Tínà tuntun á wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á hunjọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fín ọkọ̀ lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ sọ fún un pé ABS ni, kó lo ẹnu ìfín tó tó 1.0 mm, kó dín agbára afẹ́fẹ́ kù, kó sì fín ọwọ́ àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kílíà oníhádínà tiwọn (tí wọ́n ń po ohun tó ń mú un le mọ́) le ju ti agolo lọ, òun gan-an ló dára jù lára máòsì. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà yẹn, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbomú lásán kò sì dá a dúró. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ní ohun èlò tó yẹ, kí ẹ sì jìnnà síbẹ̀ nígbà tó bá ń fín in.

Bí ó bá bàjẹ́

Tí ọ̀dà bá ṣàn wálẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn jù tàbí ọwọ́ yín falẹ̀. Ẹ má fi ìka nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ fi 600 rẹ́ ẹ, kí ẹ fín ibẹ̀. Tó bá ń ha ọwọ́ bíi sáńpépà, ọ̀dà ti gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó débẹ̀: ẹ jìnnà jù tàbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Tó bá ta roro, inú oòrùn lẹ gbé e sí. Ojú rẹ̀ dì, tínà inú wá ń wá ọ̀nà àtijáde. Tó bá ń bó ní abala ńlá tó sì mọ́ lábẹ́, a kò ha ike náà tó, kò sí àtúnṣe àfi kí ẹ bó gbogbo rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni funfun tí ọ̀rinrin fà: bí ọjọ́ bá gbẹ, ẹ fín kílíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí i, ó sábà máa ń pa á rẹ́.

Títò ó padà

Ẹ máa bó tépù kúrò nígbà tí ọwọ́ tó gbẹ̀yìn ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ fà á padà sórí ara rẹ̀. Tó bá ti gbẹ gan, á fa etí ọ̀dà lọ. Ẹ fi bíléèdì ya á kí ẹ tó fà á.

Ẹ lè dì í mú lẹ́yìn wákàtí 24, kí ẹ tò ó lẹ́yìn wákàtí 48. Máòsì tí ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbé e sí imú: tó bá ṣì ń rùn tínà, kò tíì le. Kí ẹ tó so wáyà iná mọ́ ọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ rí i pé ó ń ta padà. Àkísà ọlọ́ṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ máa fi nù ún. Sípírítì àti ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lọ́wọ́ máa ń mú ọ̀dà alágolo rọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú rẹ̀ ra ọwọ́, kó jẹ́ kó gbẹ kó tó di máòsì mú.

Ọ̀dà tó kù, ẹ dojú agolo délẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí gáàsì nìkan á fi máa jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu rẹ̀ á dí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí òjìji: igun ìsàlẹ̀ ojú CPU tí ẹsẹ̀ máa ń gbá lábẹ́ tábìlì ni yóò kọ́kọ́ nílò rẹ̀.